Wọ́n pe kọmíṣánnà sílé aṣòfin, ó dáhùn, ó relé. Kànga ẹ̀rọ tiwa ńkọ́?

ỌmọAjílété (Ògbómọ̀ṣọ́), alẹ́ ọjọ́ Àìkú

Ẹ kú alẹ́ o, gbogbo ilé. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ Ẹtì, mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí i.

Lẹ́yìn Tákíè níbí, ládùúgbò wa, kànga ẹ̀rọ kan wà tí ìjọba gbẹ́ fún wa lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Táǹkì dúdú ńlá lórí òpó irin, ẹnu ẹ̀rọ mẹ́rin, wọ́n sì fi ọ̀dà kọ nǹkan sára òpó náà. Oṣù méjì péré la fi bu omi níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fa omi sókè jóná, ọkùnrin kan wá tú u, ó ní òun ń gbé e lọ tún ṣe, a ò rí i mọ́. Wáyà tó gé ṣì ń fì lára òpó, aláǹgbá ló ń gùn ún. Ìyá mi tó ti pé ẹni ọdún 68 ń ra omi lọ́wọ́ mẹ́rúwà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, ọmọlanke omi kì í tètè dé; ìyá á gbé kẹ́ẹ̀gì jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti ìdájí, á máa wọ̀nà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀kan nínú àwọn aṣòfin wá bá wa ṣèpàdé. Mo dìde, mo béèrè ọ̀rọ̀ kànga yìí. Ó ní àwọn ti pe kọmíṣánnà tọ́rọ̀ kàn sílé aṣòfin, ó wá, ó ṣàlàyé, àwọn sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní àlàyé wo ló ṣe? Ó ní, "Ó ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi ò lè pàtẹ́wọ́.

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ nìyí: pípè tí wọ́n ń pè wọ́n yẹn, ṣé agbára kan wà nídìí rẹ̀ àbí ìkíni lásán ni? Tó bá sì lágbára, ìbéèrè wo ló yẹ kí wọ́n bi í tí kò fi ní í rí "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́" fi dáhùn?

Gbénró_Arójẹ (Ògbómọ̀ṣọ́)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má bínú sí mi, èmi ò gbà wọ́n gbọ́ mọ́. Lọ́dún 2012, Farouk Lawan ni wọ́n fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń yẹ owó ìrànwọ́ epo wò nílé aṣojú-ṣòfin l'Ábújá. Òun tó yẹ kó bi àwọn ẹlẹ́po léèrè ló lọ gba 500,000 dọ́là lọ́wọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ilé-ẹjọ́ dá a lẹ́bi lọ́dún 2021, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sì fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún fún un lọ́dún 2024.

Oṣù Keje 2020 ńkọ́? Gbogbo wa la wo ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀gá àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta dákú lórí àga níbi tí wọ́n ti ń bi í nípa owó. Lọ́jọ́ kan náà, Godswill Akpabio tó jẹ́ mínísítà nígbà náà sọ pé àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ àjọ náà. Wọ́n ní kó pa máíkì! Láti 2023, òun ni ààrẹ ilé aṣòfin àgbà. Ta ló máa wá bi ta ní léèrè?

Agbẹjọ́rò_Àwẹ́ (Àwẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọ̀yọ́)

Gbénró, òótọ́ ni gbogbo ohun tó o kà sílẹ̀, inú èmi náà ò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ ká kọ́kọ́ dá ẹ̀gbọ́n lóhùn lórí ohun tó béèrè.

Agbára wà. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti ọdún 1999, abala 108, sọ pé bí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ bá pe kọmíṣánnà pé kó wá ṣàlàyé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lábẹ́ rẹ̀, dandan ni kó wá. Abala 67 sọ bẹ́ẹ̀ nípa mínísítà ní Ábújá. Èyí kì í ṣe ojú rere tí kọmíṣánnà ń ṣe fún wọn, nítorí náà mi ò rí ohun tí wọ́n ń dúpẹ́ fún.

Èyí tó lágbára jù lọ wà ní abala 128 àti 129. Ilé aṣòfin lè fẹnu kò, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde pé àwọn fẹ́ ṣèwádìí, kí wọ́n sì fi ìwé ìpè ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni láti wá jẹ́rìí tàbí kó ìwé wá. Tí onítọ̀hún bá kọ̀ tí kò ní àwáwí tó múná dóko, wọ́n lè ní kí ọlọ́pàá lọ mú un wá. Kí ẹ fọkàn sí ọ̀rọ̀ "kó ìwé wá" yẹn. Àlàyé ẹnu nìkan kọ́ ni òfin fún wọn láṣẹ láti gbà.

Ààlà rẹ̀ ni pé ó ní ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ ṣe é: kí wọ́n lè ṣe òfin tó dáa, tàbí kí wọ́n tú àṣírí ìwà ìbàjẹ́, àìṣiṣẹ́ dáadáa àti ìnákúnàá owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Kànga tó ṣiṣẹ́ fún oṣù méjì péré bọ́ sínú èyí gbáko.

ÌyáOníyangan (Ọjà Àkẹ̀sán, Ọ̀yọ́)

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ ọ́. Abala 108, abala 129, ṣé ó lè fa omi? Ọjọ́ tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́ kẹ́yìn, ilé tí mo sùn, omi ìwẹ̀ ìdajì báákẹ́ẹ̀tì ni wọ́n fún mi, wọ́n sì ń tọrọ gáfárà. Ẹ sọ èyí tó máa gbé omi jáde fún wa.

Bàbá_Ìṣirò (Ọ̀yọ́)

Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ọ̀rọ̀ yín ló mú mi kọ èyí, torí ibi tó ti lè gbé omi jáde gan-an ni mo ti ṣiṣẹ́ jẹun. Ọdún 31 ni mo fi ṣe akọ̀wé owó lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba kí n tó fẹ̀yìntì. Mo ti jókòó sẹ́yìn kọmíṣánnà nílé aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ, èmi àti fáìlì lórí itan mi. N óò sọ bó ṣe ń rí.

Bí ìwé ìpè bá dé, àwa òṣìṣẹ́ la máa ń kọ ìdáhùn sílẹ̀. Ọ̀gá á ní ká kọ ọ́ gùn. A ó kọ iye kànga tí a gbẹ́ káàkiri ìpínlẹ̀, a ó kọ ìṣòro owó epo, a ó kọ ètò tó ń bọ̀. Ojú ìwé ogún, nígbà míì ọgbọ̀n. Kọmíṣánnà á kà á, aṣòfin méjì á yìn ín, ọ̀kan á ṣàròyé nípa wọ́ọ̀dù tirẹ̀, kọmíṣánnà á ní òun ti gbọ́, òun máa rí sí i. Ó tán. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Fáìlì tó wà lórí itan mi ò ní í ṣí.

Ṣùgbọ́n mo rántí aṣòfin kan. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó wo ìwé wa, ó ní, "Ojú ìwé kẹtàlá, ìlà kẹrin. Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé tí ẹ fi ẹ̀rí hàn pé iṣẹ́ yìí parí. Ta ló buwọ́ lù ú?" Gbogbo ilé dákẹ́. Òógùn bò mí, ìwé náà wà lọ́wọ́ mi, mo sì mọ̀ pé ẹni tó buwọ́ lù ú kò débi iṣẹ́ náà rí. Kó tó di ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, agbaṣẹ́ṣe ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tí wọ́n rán lọ sẹ́wọ̀n. Ẹnì kan kàn ṣáà béèrè ìwé ni.

ỌmọAjílété, gbọ́ mi dáadáa. Tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ fún agbaṣẹ́ṣe, wọn kì í san gbogbo owó rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n máa ń fà díẹ̀ sẹ́yìn nínú rẹ̀, wọ́n á sì dá àkókò kan, ó sábà máa ń jẹ́ oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Ohunkóhun tó bá bàjẹ́ láàárín àkókò yẹn látàrí iṣẹ́ tí kò dáa, agbaṣẹ́ṣe ló ni àtúnṣe rẹ̀, láti àpò ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tó máa wá yẹ iṣẹ́ náà wò, kí wọ́n tó san ìyókù owó fún un.

Ìwọ sọ pé ẹ̀rọ yín jóná lóṣù kejì. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àkókò yẹn ò tíì pé. Nítorí náà, ẹ má bi kọmíṣánnà pé "kí ló dé tí kò sí omi". Á ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ohun tí ẹ máa béèrè ni pé: ṣé wọ́n ti san owó tí wọ́n fà sẹ́yìn yẹn fún agbaṣẹ́ṣe? Ọjọ́ wo? Ta ló lọ wo kànga náà tó fi buwọ́ lu ìwé pé ó ń ṣiṣẹ́? Kí wọ́n mú fáwọ́ṣà rẹ̀ wá, ìwé tí wọ́n fi san owó náà. Bí a bá rọra pa èèrà, a ó rí ìfun inú rẹ̀.

Àmọ́ kó o tó ṣe ohunkóhun, padà lọ sídìí òpó yẹn. Kọ gbogbo ohun tó wà lára rẹ̀ sílẹ̀, lẹ́tà kan má ṣe fò ọ́. A ní láti mọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà.

Dírébà_Odò_Ọba

Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ kún un, ẹ jọ̀ọ́. Kìlómítà bí i 52 péré ni, ṣùgbọ́n àwa tí à ń wà á lójoojúmọ́ mọ ohun tí ojú wa ń rí. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ méjì, tí ti àlọ yàtọ̀ sí ti àbọ̀, ti parí láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Ìlọrin tipẹ́tipẹ́. Ìhà tiwa yìí la ṣì ń bá tírélà du ojú ọ̀nà kan ṣoṣo. Tírélà méjì á máa sáré fẹ́ ya ara wọn sílẹ̀, ìwọ tó ń bọ̀ wá pàdé wọn, inú igbó ni wàá yà sí. Mo ti gbé òkú rí nínú bọ́ọ̀sì mi, mi ò fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé wọn ò lè bi kọmíṣánnà nípa èyí?

Agbẹjọ́rò_Àwẹ́

Ẹ̀gbọ́n wa, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà. Ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni. Kọmíṣánnà ìpínlẹ̀ á ní kì í ṣe tòun, òótọ́ ló sì sọ. Mínísítà fún iṣẹ́ òde ni ìbéèrè yẹn tọ́ sí, àwọn tó sì lè pè é ni aṣojú-ṣòfin àti sẹ́nétọ̀ wa l'Ábújá. Aṣojú-ṣòfin kan ló wà fún Ògbómọ̀ṣọ́ Àríwá, Gúúsù àti Oríire. Ògo Olúwa àti Surùlérè náà ní tiwọn. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ l'Ágodi, n'Íbàdàn, ní ọmọ ilé 32, wọ́n kàn lè fẹnu kò láti rọ Ábújá ni, wọn ò lè pe mínísítà wá jẹ́jọ́. Ọ̀pọ̀ ìbéèrè wa ló ń sọnù báyìí, à ń gbé ti Ábújá lọ s'Ágodi, ti Agodi lọ sí káńsù.

Ọmọ_Ṣọ̀ún_Manchester

Ẹ kú ilé o. Níbí nílùú Òyìnbó, gbogbo Ọjọ́rú tí ilé bá ń jókòó ni wọ́n ń bi olórí ìjọba léèrè, àwọn mínísítà náà sì ní ọjọ́ tiwọn. Èyí táwọn èèyàn máa ń wò nìyẹn, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń bẹ̀rù ni ìgbìmọ̀ tó ń yẹ àkáǹtì ìjọba wò, láti ọdún 1861 ló ti wà. Ọmọ ẹgbẹ́ alátakò ni wọ́n máa ń fi ṣe alága rẹ̀. Ìwé tí ayẹ̀wé-owó-wò bá kọ ni wọ́n ń gbé síwájú tí wọ́n fi ń béèrè ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ṣe wí. Kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni?

Bàbá_Ìṣirò

Ó wà, ọmọ mi. Abala 125 nínú òfin wa sọ pé kí ayẹ̀wé-owó-wò àgbà ti ìpínlẹ̀ gbé àbọ̀ rẹ̀ lọ sílé aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ tí àkáǹtì bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, kí ilé sì gbé e fún ìgbìmọ̀ tó ń rí sí àkáǹtì ìjọba. Ibẹ̀ ni èmi máa ń gbọ̀n fún nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, kì í ṣe ibi tí kámẹ́rà wà.

Ti bíbéèrè ọ̀rọ̀ lójúkojú yẹn, a ṣe é rí. Nígbà ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, inú ilé aṣòfin n'Íbàdàn ni àwọn mínísítà jókòó sí, aṣòfin ni wọ́n. Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yín, ti ṣe mínísítà nílé aṣòfin l'Ékòó kó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1959. Aṣòfin á kọ ìbéèrè sílẹ̀, mínísítà á dìde dáhùn, wọ́n á tẹ ìbéèrè àti ìdáhùn sínú ìwé. Bàbá mi máa ń ka ìwé náà sókè fún wa. Lábẹ́ ètò ààrẹ tí à ń lò báyìí, kọmíṣánnà kì í ṣe ọmọ ilé, ó di ìgbà tí wọ́n bá pè é.

Gbénró_Arójẹ

Bàbá, mo gbọ́ yín, ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pe èèyàn tí kò wá ńkọ́? Lọ́dún 2018 wọ́n pe ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá sílé aṣòfin àgbà léraléra, kò yọjú. Lọ́dún 2014, mínísítà epo lọ sílé-ẹjọ́ kí ìgbìmọ̀ má bàa bi í nípa owó bàálù àyálò. Oṣù Kejìlá 2020, wọ́n pe ààrẹ fúnra rẹ̀ lórí ètò ààbò, agbẹjọ́rò àgbà ní wọn ò láṣẹ láti pè é, bó ṣe parí nìyẹn.

Agbẹjọ́rò_Àwẹ́

Nígbà míì ó máa ń so èso, Gbénró. Lọ́dún 2013, ìgbìmọ̀ ilé aṣojú-ṣòfin bi mínísítà fún ọkọ̀ òfurufú, Stella Oduah, nípa ọkọ̀ méjì tí ọta kì í wọ̀, tí owó wọn jẹ́ 255 mílíọ̀nù náírà. Ìwé rírà ọkọ̀ náà ti wà níta kó tó jókòó. Nígbà tó fi di oṣù Kejì 2014, kò sí lórí àga mínísítà mọ́. Níbi tí ìwé ò bá sí ni wọ́n ti máa ń rí ọ̀nà gbà sá.

Olùkọ́_Oríire

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Ẹ lè rí bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìwé tó ń sọ bí wọ́n ṣe ná an ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ètò kan tí Báńkì Àgbáyé bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó tì lẹ́yìn lọ́dún 2018 ló mú kí àwọn ìpínlẹ̀ máa gbé e síta. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ọdún 2025 lé ní 600 bílíọ̀nù náírà. Ẹ wá ìlà iṣẹ́ omi, ẹ wo iye tí wọ́n fọwọ́ sí àti iye tí wọ́n ti ná. Tí ìlà náà bá kàn sọ pé kànga ẹ̀rọ káàkiri ìpínlẹ̀, láìdárúkọ abúlé kankan, ìbéèrè nìyẹn fúnra rẹ̀: ẹ fún wa ní orúkọ àwọn ibi tí ẹ gbẹ́ ẹ sí.

ỌmọAjílété, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mo ti débẹ̀, Bàbá. Eruku àti ìdọ̀tí ẹyẹ ti bo ọ̀dà náà. Mo mú àkísà dání, mo ra omi kẹ́ẹ̀gì kan lọ́wọ́ mẹ́rúwà, mo gun àga, mo ń nù ún díẹ̀díẹ̀. Àwọn ọmọ dé, wọ́n bá mi di àga mú. Orúkọ wọ́ọ̀dù yọ, ọdún yọ. Lábẹ́ rẹ̀, orúkọ ilé-iṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ yọ, lẹ́yìn náà ni nọ́ńbà iṣẹ́ náà. Nọ́ńbà tó kẹ́yìn ti bó dànù. Ó lè jẹ́ 3, ó lè jẹ́ 8. Mo ya fọ́tò rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọjá níwájú òpó yẹn o, mi ò ka ohun tó wà lára rẹ̀ rí.

Bàbá_Ìṣirò

O ṣeun, ọmọ mi. Ìpínlẹ̀ ló ni ín nígbà náà, Agodi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kọ nọ́ńbà méjèèjì, ti 3 àti ti 8. Akọ̀wé fáìlì mọ èyí tó jẹ́. Má kọ ìtàn gígùn. Ojú ìwé kan. Fi fọ́tò sí i. Sọ ọjọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tó dáwọ́ dúró, kí o wá béèrè ìwé mẹ́ta: ìwé àdéhùn iṣẹ́, ìwé ẹ̀rí pé ó parí pẹ̀lú orúkọ ẹni tó buwọ́ lù ú, àti fáwọ́ṣà owó tí wọ́n san kẹ́yìn.

Agbẹjọ́rò_Àwẹ́

Ẹ̀dà méjì ni kó o kọ. Ọ̀kan fún aṣòfin yín, kó fi béèrè nínú ilé. Ìkejì tààrà sí ilé-iṣẹ́ náà lábẹ́ òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, èyí tó fún aráàlú láṣẹ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin yẹn ò kan àwọn. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ lóṣù Kẹrin 2025 pé ó kàn wọ́n. Jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ lu ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ rẹ. Fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí, n óò kà á. Mi ò ní í gba kọ́bọ̀.

ÌyáOníyangan

Ìwé tí Bàbá wí yìí ti yé mi. Bí mo bá fún èèyàn ní yangan àwìn, kì í ṣe "iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́" ni mo ń fẹ́ gbọ́, ìwé àkọsílẹ̀ mi ni mo ń ṣí. Ọmọ mi, kọ orúkọ ìyá rẹ sínú lẹ́tà náà. Kí wọ́n mọ ẹni tó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà dúró de omi.

Gbénró_Arójẹ

Ẹ̀gbọ́n, mo máa bá yín gba ìbuwọ́lùwé lójúlé dé ojúlé lọ́la. Kànga méjì tó dákẹ́ wà lọ́dọ̀ wa níbí náà. Mo ń lọ nu òpó wọn.

ỌmọAjílété, alẹ́ Ọjọ́bọ̀

Lẹ́tà ti jáde. Ilé 26 ló buwọ́ lù ú, ìyá mi ló kọ́kọ́ tẹ̀ka. Aṣòfin yẹn gba ẹ̀dà tirẹ̀ lọ́wọ́ mi láàárọ̀ yìí, ó kà á lórí ìdúró, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi ní "owó tí wọ́n fà sẹ́yìn". Mo ní àwọn àgbà ni. Ó ní òun máa gbé e wọ inú ìgbìmọ̀. Mo ní kó kọ ọjọ́ sí ẹ̀dà mi, ó kọ ọ́.

Ẹ̀dà ti ilé-iṣẹ́ náà ló kù. Ọjọ́ Ajé ni mò ń gbé e lọ s'Íbàdàn fúnra mi. Màá wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ ní Tákíè.

Dírébà_Odò_Ọba

Má san owó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ni mò ń gbéra, bọ́ọ̀sì funfun, iwájú ni kó o jókòó sí. Tí a bá ti ń lọ lọ́nà, kí o bá mi kọ lẹ́tà ti ọ̀nà yìí, èyí tó ń lọ sọ́dọ̀ mínísítà. Màá máa dárúkọ ibi tó burú jù fún ọ bí a bá ṣe ń kọjá níbẹ̀.